Pérégún Tí Odò Gbé Wá Bá Bàbá Olódò

Ahọ́n ni bàbá àgbà mi fi ń mọ bí ọjọ́ yóò ṣe rí. Láàárọ̀, kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, kí wọ́n tó bọ́jú pàápàá, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí odò, wọ́n á bu omi sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi ahọ́n kàn án, wọ́n á tu ú dànù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó sọ fún wa bóyá ọkọ̀ ojú omi yóò ráàyè kọjá lẹ́nu odò lọ́jọ́ náà, bóyá akàn yóò jáde, bóyá ẹrẹ̀ tuntun yóò wá bá wa lálejò. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lẹ́nu wọn, wọ́n á ní ọ̀sà ti ń wọlé jìnnà. Bí kò bá sí iyọ̀ rárá, wọ́n á ní òjò ti rọ̀ lókè Rẹ́mọ, kí á máa retí ẹrù ẹrẹ̀ tí odò ń gbé bọ̀. N kò rí ọjọ́ tí ahọ́n yẹn parọ́.

Èmi ni mo jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ọmọ àbúrò mi tó kàwé ní kí n sọ ọ́ kí àwọn máa kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ sinmi. Ìwé mẹ́ta ni mo kà ní Ofin, n kò dé ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ọkọ̀ akóyanrìn tó ń gba Likosi kọjá, tí wọ́n kọ “Ọmọ Olódò” sí níwájú, tèmi ni. Òógùn ojú mi ni mo fi rà á, èmi náà ni mo sì fi ọ̀dà kọ ohun tó wà níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó bá mi tọ́ ọ. Ẹni tó bá lè kọ̀wé síwájú ọkọ̀ kí gbogbo ayé rí i kà, kí ló kù tí kò lè kọ? Pàápàá jù lọ nípa bàbá àgbà mi yìí, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bàbá Olódò. Nínú gbogbo ọmọ-ọmọ tó pé jọ síbi ìsìnkú wọn, kò sí èyí tó bá wọn rìn lórí ẹrẹ̀ tó mi.

Abúlé wọn ń jẹ́ Ìsàlẹ̀-Ẹ̀gbà. Bí èèyàn bá kúrò ní Likosi, tó gba ọ̀nà oko sọ̀ kalẹ̀, tí ilẹ̀ pupa bá parí, tí ilẹ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀, tó bá ti ń rí igi ẹ̀gbà tó na gbòǹgbò sókè omi bí ẹsẹ̀ akàn, ó ti dé nìyẹn. Ibẹ̀ ni odò wa, tó ti òkè Rẹ́mọ ń bọ̀, ti ń wọ inú ọ̀sà. Ọ̀sà ń kún láàárọ̀, ó ń fà. Ó tún ń kún, ó tún ń fà. Bó bá ti fà tán, ẹrẹ̀ á tẹ́ lọ bẹẹrẹ títí ojú kò fi ní tó o mọ́, á máa dán bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Àwọn àlejò tó bá wá láti Ṣàgámù á ní ibi yìí dọ̀tí o.  Bàbá á kàn wò wọ́n bí ẹni ń wo ọmọ ọwọ́ tó ń bú ọba.

Ní ọjọ́ kan, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹrẹ̀ fi pọ̀ lẹ́nu odò tó báyìí, tí kò sì pọ̀ bẹ́ẹ̀ lókè.  Wọ́n wá ìgò méjì, wọ́n rọ omi odò tó rú sínú méjèèjì, wọ́n wọ́n iyọ̀ sínú ọ̀kan, wọ́n gbọ̀n wọ́n, wọ́n gbé wọn sórí òpó, wọ́n ní kí á lọ jẹun. Nígbà tí a jẹun tán, èyí tí kò níyọ̀ ṣì rú bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n nínú ìgò oníyọ̀, ẹrẹ̀ ti ń dì mọ́ra, ó ti ń rọra sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀gì nínú ìkòkò, omi òkè rẹ̀ sì ti ń mọ́. Mo gbé ìgò náà sí oòrùn, mo ń wò ó, ẹnu mi là sílẹ̀. Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n dà á padà sódò, wọ́n ní: “Wọ́n ti ń rìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti òkè wá. Iyọ̀ ló sọ wọ́n di ọmọ ìyá.”

Ohun tí mo mọ̀ nípa yanrìn, tí àwọn kọ́lékọ́lé fi ń wá mi kiri títí dé ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ní kí n máa wo odò bí alábàárù. Òkúta ló kọ́kọ́ ń sọ̀ lókè lọ́hùn-ún, torí pé òun ló wúwo jù. Yanrìn ló tẹ̀lé e, níbi tí odò bá ti yà kọ̀rọ̀, tí agbára rẹ̀ dín kù ní apá inú kọ̀rọ̀ náà. Ẹrẹ̀ ló fúyẹ́ jù, òun ni odò ń gbé débi ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀sà ń bọ̀ níwájú, tó ń kún bọ̀. Odò ní òun ń lọ, ọ̀sà ní òun ń bọ̀. Bí agbára wọn bá dọ́gba, omi á dúró. Kò ní lọ, kò ní bọ̀. Bí ewé kan bá wà lójú rẹ̀, ewé náà á dúró sójú kan bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ. Bàbá á na ìka sí ewé yẹn, wọ́n á ní kí gbogbo wa dákẹ́. Wọ́n ní ní àkókò yẹn, ilẹ̀ ń rọ̀ bí òjò lábẹ́ omi, etí ni kò gbọ́ ọ.

Mo ti wa ọkọ̀ dé Kánò. Mo ti rí ibi tí òkè ga débi tí ìkùukùu ń sinmi lé e. N kò tí ì rí ohun tó mú mi lọ́kàn tó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, tí bàbá arúgbó kan dúró lórí ọkọ̀ ọpọ́n, tó na ìka sí ewé, tí ilẹ̀ tuntun sì ń bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa láìdún. Bí ewé bá ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni Bàbá á tó mí, wọ́n á ní: “Ẹlẹ́rù méjì kì í pàdé lórí afárá tóóró kí ẹrù má sọ̀.”

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n o. Bàbá Olódò le. Bí wọ́n bá ti sọ pé “Máa yún,” gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń sọ pé kéèyàn máa lọ, o ò gbọdọ̀ dúró bèèrè ìdí. Wọn kì í yọ̀ǹda ilẹ̀. Wọ́n lè fún ọ ní ẹja tó wà nínú ìgèrè wọn, wọ́n lè fún ọ ní ẹ̀wù ọrùn wọn, ṣùgbọ́n bí o bá fi àtàǹpàkò kọjá ààlà wọn, wọ́n á pe àpèjọ ẹbí.

Àbúrò bàbá mi, Bàbá Káyọ̀dé, tó ń gbé Ṣàgámù, ló mọ̀ bí wọ́n ṣe le tó. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá lọ́jọ́ kan pẹ̀lú bàtà tuntun, ó ní òun fẹ́ rí ibi tí ilẹ̀ wa dé. Bàbá ní kó bọ́ bàtà, kó sì gba ibi tí gbòǹgbò ẹ̀gbà wà. Ó ní kò séwu. Kò pẹ́ tí ẹrẹ̀ fi gbé e dé orúnkún, ó fa ẹsẹ̀ kan, èkejì tún wọlẹ̀ sí i. Ó ń pariwo pé àwọn ará ilé òun dà. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rìn lọ bá a bí ẹni ń rìn lórí ẹní, wọ́n ní kó dùbúlẹ̀. Ó ní ṣé kí aṣọ òun bàjẹ́ ni. Wọ́n ní kó yan èyí tó wù ú nínú aṣọ àti ara. Ó dùbúlẹ̀, ó fi àyà wọ́ jáde bí ọ̀nì, bàtà tuntun sì kú síbẹ̀ títí dòní. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n sọ ni pé: “Ẹrẹ̀ kì í mú ẹni tí kò bá a jà.”

Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tó ń bá Bàbá jà lójoojúmọ́, tí Bàbá kò sì rí mú. Ìyá Sàláwù ni. Òdìkejì odò ni ó ń gbé, lórí ilẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti di olóògbé. Sàláwù tí à ń fi pè é kú ní kékeré. Orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù sí ìyá rẹ̀ lára. Ọmọbìnrin kan ló kù fún un, tó lọ ilé ọkọ ní Akaka. Ó kù ú ku òun àti àwọn igi obì ọkọ rẹ̀.

Odò ló dá ìjà náà sílẹ̀. Apá ọ̀dọ̀ Ìyá Sàláwù ni ẹ̀yìn kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni omi ń sáré gbá. Apá ọ̀dọ̀ wa ni inú kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń rẹ omi. Lọ́dọọdún tí òjò bá rọ̀, odò á gé nínú ilẹ̀ tirẹ̀, á gbé e wá bá wa: yanrìn sí apá òkè, ẹrẹ̀ sí apá ìsàlẹ̀. Bàbá náà kò sì káwọ́ gbera. Wọ́n á ri òpó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sórí ẹrẹ̀, wọ́n á fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ún bí ọgbà, kí omi tó bá gba ibẹ̀ lè rọra rìn, kó fi ohun tó gbé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbin ẹ̀gbà sí i. Báyìí ni ilẹ̀ wa ṣe ń gùn, tí ti Ìyá Sàláwù ń kúrú.

Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí Bàbá bá ti tọ́ omi wò tán, ohùn rẹ̀ á gba orí omi wá.

“Bàbá Olódò, ẹ káàárọ̀ o. Ẹ bá mi kí ilẹ̀ mi.”

“Ó ní kí n kí ọ. Ó sùn dáadáa.”

“Ẹ sọ fún un pé àwọn igi obì ń béèrè rẹ̀.”

“Bi odò. Èmi kò wá sí òdìkejì wá jí nǹkan gbé.”

“Ẹ̀yin kò wá. Ọgbà yín lẹ rán.”

Bàbá á kùn wọlé, wọ́n á ní ahọ́n obìnrin yìí ju ti àwọn lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí ibà dá a wó, tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀, Bàbá kò lè jẹun. Wọ́n ń lọ, wọ́n ń bọ̀ létí omi. Nígbà tó yá ni wọ́n ní kí n gbé ẹja kọjá sí i, kí n má sọ pé àwọn ni. Mo ní ta ni kí n wá sọ pé ó fi rán mi. Wọ́n ní: “Sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ ni.”

Ní àwọn ọdún tí wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀, tí gbogbo Ṣàgámù ń kọ́lé bí ẹni pé ayé máa parí lọ́la, yanrìn di wúrà. Ọ̀kan nínú àwọn ọdún yẹn ni òjò kan rọ̀ tí n kò rí irú rẹ̀ rí. Odò wú, ó pọ́n bí epo, ó ń gbé odidi igi kọjá. Ní ọ̀sán kan, a gbọ́ ìró kan láti òdìkejì, ó dún bí ìgbà tí ilé wó. Ilẹ̀ Ìyá Sàláwù ló já. Àwọn igi obì tó kù wọlé sómi lẹ́ẹ̀kan náà, pérégún tí ọkọ rẹ̀ fi sàmì ààlà sì bá wọn lọ, tòun ti ilẹ̀ tó gbé e dúró. Nígbà tí òjò dá, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ti ń wo inú omi tààrà. Ó ti di ẹrù rẹ̀. Ó kù kó máa lọ sí Akaka, kó lọ máa gbé inú ilé àna rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìyá ìyàwó tó bá àna rẹ̀ gbélé, bó bá wúkọ́, á kọ́kọ́ tọrọ gáfárà.

Nígbà tí omi fà, a rí apá ọ̀dọ̀ wa. Yanrìn ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, ó funfun, ó mọ́, ó lọ jìnnà. Bàbá Káyọ̀dé ti gbọ́ ní Ṣàgámù kó tó di ọjọ́ kejì. Ó ti bá àwọn oníyanrìn dúnàádúrà, ó sì sọ fún mi pé ọkọ̀ tèmi ni yóò kọ́kọ́ kó. Mo gbé ọkọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀nà oko tóóró yẹn, níbi tí awakọ̀ mìíràn á ti sunkún pe ìyá rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ wa yanrìn tẹ̀lé mi pẹ̀lú ṣọ́bìrì.

Nígbà náà la rí i. Ní àárín yanrìn náà, pérégún kan dúró. Odò ti gbé e kọjá tòun ti ilẹ̀ pupa tó wà nídìí rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀ lóòró, kò tilẹ̀ tẹ̀. Ewé rẹ̀ tútù, ọ̀mùnú tuntun sì ti ń yọ lórí rẹ̀.

Bàbá Káyọ̀dé ní kí wọ́n fà á tu kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mú ṣọ́bìrì wo ara wọn. Kò sí ọmọ Rẹ́mọ tí kò mọ̀ pé a kì í fa pérégún ààlà tu. Bàbá kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wa yanrìn ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé gbòǹgbò ti mú ilẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Mo rò pé wọ́n ń wá bí wọn yóò ṣe yí i nípò padà ni, torí mo mọ̀ wọ́n, wọn kì í yọ̀ǹda ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní kí n lọ tu ọkọ̀ ọpọ́n, kí n lọ gbé Ìyá Sàláwù wá.

Bàbá Káyọ̀dé ní, “Bàbá, èèyàn kọ́ ló gbìn ín síbẹ̀. Odò ló gbé e wá.”

Bàbá ní, “Ta ló gbé yanrìn wá?”

“Odò náà ni.”

“Ọwọ́ tó gbé ilẹ̀ wá ló gbé ààlà wá. Ẹ ò lè gba ọ̀kan kí ẹ kọ èkejì.”

Bàbá Káyọ̀dé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní bí a bá ka ibẹ̀ sí ààlà, láti ìdí pérégún dé omi ti lọ nìyẹn, ibi tó dára jù lọ nínú rẹ̀ ni, ibẹ̀ náà sì ni Bàbá fúnra wọn ń so ọkọ̀ mọ́. Ó ní ṣé kí àwọn ọmọ wá máa tọrọ ọ̀nà lọ sódò lọ́wọ́ obìnrin tó ń bú wọn ni. Ó sọ ọ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bàbá jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní: “Máa yún.”

Mo tu ọkọ̀ kọjá. Ìyá Sàláwù jókòó lórí ẹrù rẹ̀. Mo jíṣẹ́. Ó ní òun kò gba ìtọrẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí n lọ sọ fún Bàbá Olódò pé òun ṣì lè rìn dé Akaka. Mo ní, “Ẹ̀yin Ìyá, wọn kò ní kí n wá fún yín ní nǹkan. Wọ́n ní kí ẹ wá wo pérégún ọkọ yín.” Ó wò mí títí. Ó dìde, ó wọ inú ọkọ̀, mo sì tu ú kọjá.

Nígbà tó rí pérégún náà, ó fi ọwọ́ kan ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yẹ ọmọ tó ti àjò dé wò. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ nídìí rẹ̀, ó gbé e sí imú.  Èmi tí mo mọ ohùn rẹ̀ láti kékeré, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ tó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Ó ní, “Ilẹ̀ mi ni. Mo gbọ́ òórùn obì nínú rẹ̀.”

Bàbá ní, “Bẹ́ẹ̀ ni. Láti ìdí pérégún dé omi.”

Ó yí ojú ká, ó wo Bàbá Káyọ̀dé, ó wo àwọn oníṣọ́bìrì, ó wo ọkọ̀ mi. Ó wá wo ẹsẹ̀ Bàbá, níbi tó wọ inú yanrìn.

“Ó dáa, Bàbá Olódò. Ẹ jọ̀wọ́, orí ilẹ̀ mi lẹ dúró sí.”

Mo rò pé ìjà ti dé. Bàbá Káyọ̀dé ti la ẹnu. Ṣùgbọ́n bàbá àgbà mi, tí n kò rí kí wọ́n fà sẹ́yìn rí fún òjò tàbí fún èèyàn, tẹ orí ba díẹ̀, wọ́n ní “Máà bínú,” wọ́n gbé ẹsẹ̀, wọ́n sì fà sẹ́yìn títí wọ́n fi kọjá pérégún náà. Ibẹ̀ ni wọ́n dúró sí. Nígbà tí wọ́n ti dúró síbẹ̀, kò sí ẹni tó tún lè dúró níwájú wọn. Gbogbo wa tẹ̀lé wọn sẹ́yìn, lọ́kọ̀ọ̀kan, tòun ti ṣọ́bìrì. Èmi náà yí ọkọ̀ mi padà lófìfo lójú ọ̀nà tóóró yẹn, n kò sì fi ara rẹ̀ kan igi kankan. Ẹ wá awakọ̀ tó lè ṣe é.

Bàbá, ẹ sùn re. Odò lè gé gbogbo ilẹ̀ Rẹ́mọ kó gbé e wọ ọ̀sà. Ibi tí ẹ fà sẹ́yìn dúró sí lọ́jọ́ yẹn, kò ní rí i gbé.